Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé, àyà rẹ̀ ò tíì balẹ̀: kí ni ìtọ́jú ọkàn ń ṣe gan-an?

CHEW_Ìgbómìnà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́. CHEW ni mí, òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, apá Ọ̀mù-Àràn sí Ìsánlú-Ìsin ni ìbéèrè mi sì ti wá. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé, àti àwọn tó yọ nínú jàǹbá mọ́tò, máa ń wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa. Ẹ̀fọ́rí, àyà jíjá, àìsùn, "nǹkan ń rìn nínú orí mi bí èèrà" ni wọ́n máa ń kà sílẹ̀. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibà ò sí. BP ò burú. A ó fún wọn ní paracetamol, ọ̀sẹ̀ méjì ò ní pé, wọ́n á tún dé.

Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an? Kí ni àwọn onítọ̀ọ́jú ọkàn ń ṣe fún wọn nínú yàrá yẹn tó yàtọ̀ sí "gbàgbé ẹ, dúpẹ́ pé o wà láàyè"? Kí sì ni àwa tí a kò kọ́ iṣẹ́ náà lè ṣe tí a ò fi ní ba nǹkan jẹ́?

Ọkàn_Balẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, CHEW wa. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú "nǹkan ń rìn nínú orí mi" yẹn. Ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ọdẹ orí nìyẹn. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò purọ́, kò sì ya wèrè. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í sábà sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Á ní àyà òun ń já. Ẹni tí ìrònú ti gbà lọ́kàn á ní orí òun ń gbóná. Tí ẹ bá ń dúró kó lo ọ̀rọ̀ inú ìwé, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀.

Apá kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ amygdala, kò fi bẹ́ẹ̀ ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Òun ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé. Bó bá ti fura sí ewu, á fọn fèrè: adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ya sí iṣan ẹsẹ̀, oúnjẹ inú á dúró sójú kan. Ìyẹn ló gba ẹni náà là lọ́jọ́ yẹn. Apá kejì, hippocampus, ni akọ̀wé: òun ló ń kọ ọjọ́ àti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sára ìrántí. Tí ẹ̀rù bá pọ̀ jù, akọ̀wé yìí kì í lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìrántí á wá wọlé ní ègé-ègé, láìní ọjọ́ lára: ìró ọ̀kadà, iná tọ́ọ̀ṣì lójú, òórùn epo bẹntiróòlù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀kadà kan á kọjá lẹ́yìn fèrèsé. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ń rántí ọjọ́ náà. Lójú ara, ó tún ń ṣẹlẹ̀ ni.

Nǹkan mẹ́rin lẹ máa wá lára ẹni bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń padà wá, bí àlá àti àwòrán tó ń já wọlé lójijì. Èyí tó ń sá fún. Èrò tó ti yí padà, irú bíi "ẹ̀bi mi ni" tàbí "kò sẹ́ni tó ṣeé fọkàn tán", tàbí kó má lè bá ọmọ rẹ̀ ṣeré mọ́. Ẹ̀kẹrin ni ara tó wà lójúfò ṣáá, tí àwo bá já bọ́, á ti fò dìde. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti lé ní oṣù kan, tó sì ti dí iṣẹ́ tàbí ilé lọ́wọ́, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní PTSD, orúkọ tó wọ ìwé àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ní 1980. Kí oṣù kan tó pé, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara wọn ń balẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ má tètè lẹ orúkọ àìsàn mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan sì wà tí tiwọn ò ní yọjú ní kíkún àfi lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́ lára ni sísá. Kò lọ sóko mọ́, ara á tù ú. Kò gun ọ̀kadà mọ́, ara á tún tù ú. Ìtura yẹn gan-an ló ń kọ́ ọpọlọ pé, "o rí i, sísá ló gbà ọ́ là." Owó èlé ni: ó ń san án lójoojúmọ́, ojú owó kò sì dín.

Ìtọ́jú tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí Edna Foa ṣètò, Prolonged Exposure, níbi tí aláìsàn ti ń dojú kọ ohun tó ń sá fún díẹ̀díẹ̀, máa ń gba ìjókòó 8 sí 15, ìṣẹ́jú 90 níkọ̀ọ̀kan. Ti Patricia Resick, Cognitive Processing Therapy, jẹ́ ìjókòó 12, èrò ló sì dojú kọ. EMDR tí Francine Shapiro bẹ̀rẹ̀ ní 1987 máa ń ní kí aláìsàn máa yí ojú sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń di ìrántí náà mú. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bóyá ojú yíyí yẹn ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ara àwọn tó gbà á ń yá. Ọ̀kan tún wà, Narrative Exposure Therapy, tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé: wọ́n á na okùn sílẹ̀ bí ọ̀nà ayé ẹni náà, òdòdó fún ọjọ́ ayọ̀, òkúta fún ọjọ́ ibi, wọ́n á wá máa rìn ín lọ láti ìgbà ìbí. Ẹni tí kò kàwé rárá lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó bá abúlé mu ju àwọn tó kù lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Foa ṣe àpẹẹrẹ, ká mú ẹni tí ìró ọ̀kadà ń dà láàmú. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọ bó ṣe máa fi nọ́ńbà díwọ̀n ẹ̀rù rẹ̀: 0 ni ara tó balẹ̀ pátá, 100 ni èyí tó burú jù tó rí rí. Wọ́n á wá to nǹkan bí àtẹ̀gùn. Kó gbọ́ ìró ọ̀kadà lórí fóònù, ohùn nílẹ̀, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí: 30. Kí ohùn ròkè, ilẹ̀kùn ní títì: 40. Kó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án níbi tí ọ̀kadà ti ń kọjá: 50. Kó dúró ti ọ̀kadà ojúlùmọ̀ rẹ̀ tó ń kùn láìgbéra: 60. Kó gùn ún yí àdúgbò ká: 75. Kó wà lójúde ara rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí ọ̀kadà ń wọlé: 85. Aláìsàn ló ń fún wọn ní nọ́ńbà, kì í ṣe onítọ̀ọ́jú. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, á dúró tó ìṣẹ́jú 30 sí 45, tàbí títí nọ́ńbà náà á fi já sí ìdajì, á sì tún un ṣe lójoojúmọ́ títí á fi di nǹkan yẹpẹrẹ.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni kó dìde kúrò nígbà tí ẹ̀rù ṣì wà lókè téńté. Ó sàn kó má bẹ̀rẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Èkejì ni sísá abẹ́lẹ̀: ó jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ti ki nǹkan bọ etí, tàbí ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ rì sómi. Nọ́ńbà rẹ̀ ò ní gòkè, kò sì ní kọ́ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀nà tí ajínigbé ṣì wà kì í ṣe ibi ìdánrawò. Tí àwọn ará ìlú bá ní kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin, ẹni tí kò gbà á kò ṣàìsàn, ó gbọ́n ni. Ohun tí kò léwu mọ́, tí ara ṣì ń pè ní ewu, nìkan ni wọ́n ń fi sórí àtẹ̀gùn.

Nọ́ọ̀sì_Pàkátà:

Bùrọ̀dá Ọkàn_Balẹ̀ ti sọ ojú abẹ níkòó. Èmi á sọ ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀yin ara alábọ́ọ́dé máa ń wà.

Àjọ WHO pín ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn sí mẹ́ta: wò, gbọ́, so pọ̀. Wò bóyá ibẹ̀ láàbò, bóyá ó ń ṣẹ̀jẹ̀, bóyá ó ti jẹun. Gbọ́ ohun tó bá fẹ́ sọ, má ṣe bi í léèrè ohun tí kò sọ. So ó pọ̀ mọ́ ẹbí, mọ́ oògùn, mọ́ fóònù tó máa fi pe ìyàwó rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá a lò, kó dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn tó ń dènà HIV kò wúlò lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kó kọ́kọ́ sinmi.

Ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni "ẹ kú ewu". Ọkùnrin náà dé láti ìgbèkùn lálẹ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́, èèyàn ogún ti kún pálọ̀. Olúkúlùkù ló fẹ́ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀: mélòó ni wọ́n? Ṣé wọ́n gbọ́ Yorùbá? Èló lẹ san? Lọ́jọ́ Sunday wọ́n á gbé máìkì fún un kó jẹ́rìí. Ẹ bá ẹbí sọ ọ́ kí wọ́n yan ẹnì kan, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó máa ròyìn ní gbólóhùn mẹ́ta, tó máa gba àdúrà lẹ́nu wọn. Kí onítọ̀hún wà ní yàrá. Kíkó àwọn tí àjálù bá sínú yàrá kan láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí gbogbo wọn sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lókè òkun: kò dènà PTSD, ó tiẹ̀ ń dá kún ti àwọn kan.

Lórí oògùn, ẹ má fún wọn ní diazepam tàbí bromazepam kí wọ́n lè sùn. Ó ń mú oorun wá lóòótọ́, àmọ́ kì í wo PTSD, ó ń di bárakú, ó sì ń dí ìtọ́jú lọ́wọ́, torí ẹni tí oògùn ti pa ẹ̀rù rẹ̀ kú kò lè kọ́ pé ẹ̀rù máa ń lọ fúnra rẹ̀. Èyí tí dókítà sábà máa ń kọ ni sertraline, 50 sí 200 miligíráàmù lójúmọ́, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó hàn. Ọ̀pọ̀ ń jù ú nù ní ọ̀sẹ̀ kejì pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ tètè sọ fún wọn.

CHEW_Ìgbómìnà:

Ẹ ṣé gan-an, Sìsítà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ò yé mi. Ẹ̀yin ní kí wọ́n má fipá mú un sọ ọ́. Mo sì ń gbọ́ pé nínú ìtọ́jú, wọ́n máa ń ní kó sọ gbogbo rẹ̀ tán, àní ní àsọtúnsọ. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò ta ko ara rẹ̀ ni?

Ọkàn_Balẹ̀:

Ibi tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ pàápàá ti ń kọsẹ̀ nìyẹn. Ó jọra lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ méjì ni.

Èyí tí ó ń sọ fún àlejò, ìtàn tí a ti sá kọjá ni. "Wọ́n dá wa lọ́nà, wọ́n kó wa wọgbó, ọjọ́ karùn-ún la jáde." Gbólóhùn mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún ti tán. Níbi tó bá ti burú jù, á fò ó. Ẹ̀rù á gbéra, àlejò á dá sí i, á dákẹ́ nígbà tí nọ́ńbà wà ní 90, wọ́n á gbé omi fún un. Ìyẹn ni dídìde kúrò lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀ogún lóòjọ́.

Nínú ìtọ́jú, ìjókòó kìíní àti ìkejì kì í kan ìtàn náà rárá: àlàyé ni, mímí ni, àtẹ̀gùn ni. Ìkẹta ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Á di ojú, á sọ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 40, bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Yorùbá ṣe wá lóore níbí: "ń" kékeré yẹn ló gbé iṣẹ́ náà. Kì í ṣe "mo sáré", "mo ń sáré" ni. "Ẹ̀ka igi ń gbá mi lójú, bàtà mi ọ̀tún ti bọ́, ẹnì kan ń húkọ́ lẹ́yìn mi." Tó bá ti sá lọ sí "wọ́n bá kó wa lọ", onítọ̀ọ́jú á rọra bi í pé, "Níbo ni ọwọ́ rẹ wà báyìí?" Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún á béèrè nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó jáde, torí nígbà náà ni akọ̀wé inú ọpọlọ á ráyè kọ ọjọ́ sára rẹ̀: ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti parí. Wọ́n á gba ohùn náà sílẹ̀ sórí fóònù, á máa gbọ́ ọ nílé lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe nígbà tó bá fẹ́ sùn.

Ìyàtọ̀ tó ga jù ni pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìjánu wà. Nínú igbó, ẹlòmíràn ló ń pàṣẹ ìgbà tó máa jókòó, ìgbà tó máa mumi. Onítọ̀ọ́jú tó bá ń fipá fa ọ̀rọ̀ jáde ń ṣe bí wọ́n ti ṣe.

Àwọn kan wà tí ara wọn á wà níbẹ̀, àmọ́ ojú wọn á ti lọ: wọn ò gbọ́ orúkọ wọn, ojú wọn ranjú sí ògiri. Ẹ̀rù ò kọ́ wọn ní nǹkan kan lásìkò yẹn. Ẹ dúró. Ẹ ní kó la ojú, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó jẹ ata ilẹ̀ tútù díẹ̀, kó ka ohun márùn-ún tó ń rí nínú yàrá. Èyí ni ẹ̀yin náà lè ṣe ní ilé ìwòsàn yín. Mímí náà: kó fi kíkà mẹ́rin fa á wọlé, kó fi mẹ́fà tú u jáde, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Títújáde tó gùn ju fífà lọ ló ń dẹ ọkàn tó ń sáré.

Àwọn tí ẹ̀bi ń pa ju ẹ̀rù lọ, ti Resick ló bá wọn mu. "Èmi ni mo ní ká gba ọ̀nà yẹn, èmi ni mo pa bùrọ̀dá mi." Ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ó ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu gbogbo ayé. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi í: lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, kí lo mọ̀ nípa ọ̀nà náà? Mọ́tò mélòó ló ti kọjá ṣáájú yín? Ta ló mú ìbọn dání? Á kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, á gbé e wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ara rẹ̀ ni á fi tú kókó náà.

Alfa_Kánsẹ́lọ̀:

Aláàfíà fún yín o. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀sìn kún un, torí ní Ìlọrin, kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ yín, á ti dé ọ̀dọ̀ Alfa tàbí Pásítọ̀.

Kíka Kùránì sí i létí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, àdúrà, kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí máa yà wò ó, kò sí èyí tó ta ko ìtọ́jú. Ohun tí mò ń bá àwọn Alfa ẹgbẹ́ mi jà lé lórí ni èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ti pè é ní jìnnù: dídè lókùn, nínà, fífín in ní èéfín, lílé oorun kúrò lójú rẹ̀ fún òru mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n ti so mọ́ igi nínú igbó, tí ẹ tún wá so mọ́ òpó, ẹ ti dá a padà sọ́dọ̀ ajínigbé. Kó sì má sùn fún òru mẹ́ta, ara tó le koko pàápàá á máa rí òjìji.

Ẹ̀yin onítọ̀ọ́jú náà, ẹ má gba tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀ pé sísá abẹ́lẹ̀ ni. Kó máa ka tirẹ̀ lẹ́yìn ìrun bó ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀kadà ń kọjá nìkan ló ń dì í mú, ẹ jẹ́ kí Alfa rẹ̀ bá a sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà á wọ̀ ọ́ létí ju tiyín lọ.

CHEW_Ìgbómìnà:

Jazákallāhu, Alfa. Ó kù díẹ̀: àwọn ọmọdé ńkọ́? Àti pé tí mo bá fẹ́ rán èèyàn lọ, níbo, kí ni kí n sì kọ?

Nọ́ọ̀sì_Pàkátà:

Ọmọdé kì í sọ ọ́, eré ló fi ń ṣe é: á máa ṣe eré ìbọn kan náà lójoojúmọ́ láìrẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti dẹ́kun títọ̀ sílé á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n nà án. Kó padà síléèwé kíákíá, kí àsìkò oúnjẹ àti oorun má yẹ̀. Tó bá lé ní oṣù kan, òun àti òbí rẹ̀ ni kó jọ lọ, torí òbí wà nínú ìtọ́jú tiwọn.

Ẹ̀ka Behavioural Sciences, tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn, wà ní UITH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, ní Oke-Ose. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Budo Egba. Ẹ má dúró kí oṣù kan pé tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tí kò jẹ tí kò mu, tàbí tó ń sọ pé ikú sàn. Ẹ bi í gbangba: "Ṣé o ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ?" Bíbéèrè kì í gbìn ín sí i lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹbí kó oògùn apakòkòrò àti oògùn oko kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún àwọn tó kù, ẹ lo PCL-5, fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí wọ́n fi ń díwọ̀n àmì PTSD: ìbéèrè 20, 0 sí 4 níkọ̀ọ̀kan, 80 ni àpapọ̀. Tó bá ti tó 31 sí 33, ẹ rán an. Ẹ túmọ̀ ìbéèrè náà sí Yorùbá ṣáájú, kì í ṣe lójú aláìsàn. Nínú lẹ́tà, ẹ kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, irú nǹkan tó jẹ́ ní gbólóhùn kan, nọ́ńbà PCL-5, oorun wákàtí mélòó, oògùn tàbí ọtí tó ń lò, ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè ikú, ẹni tó ń bá a gbé. Kò yẹ kó tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn lọ́tun lẹ́nu ọ̀nà káàdì.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan pé wọ́n á ti àwọn mọ́lé. Ẹ sọ fún wọn pé òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti wà láti oṣù kìíní 2023, ó ti rọ́pò ti 1958, aláìsàn sì ní ẹ̀tọ́ láti gbà tàbí kọ ìtọ́jú. Lọ tìrẹ, bọ̀ tìrẹ ni ọ̀pọ̀ ìjókòó yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ bá wọn ṣírò owó mọ́tò fún ìjókòó 12 kí wọ́n tó gbéra, torí níbi owó mọ́tò ni ọ̀pọ̀ ti ń já a sílẹ̀ ní ìjókòó kẹrin, nígbà tí ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí àlá sì tún pọ̀ sí i díẹ̀. Kí wọ́n ti mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Kí ẹ sì lẹ àpò lẹ́tà náà pa kí ẹ tó fi lé ẹbí lọ́wọ́.